Baba Ilé-ń-rìn ti Bẹ́yẹrúnkà

Ní gbogbo Bẹ́yẹrúnkà, bóyá la lè rí ẹni tó ń fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pe Hezekiah Ládùntán. Baba Ilé-ń-rìn ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, nítorí inú mọ́tò ló ń gbé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òkú mọ́tò kan lásán ni o. Kọ́ńbì ni, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí, tí iwájú rẹ̀ rí roboto bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, tábìlì pẹlẹbẹ kan wà tó ṣeé ká mọ́ ògiri, ibi ìfọwọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Béèyàn bá ti òrùlé rẹ̀ sókè, yóò gbéra sọ, onítọ̀hún á nàró nínú mọ́tò láìforí gbá nǹkan kan.

Ilé tó ń rìn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1991, ó ti pẹ́ tí ilé náà ti rìn kẹ́yìn. Abẹ́ igi máńgòrò kan ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Sìdí mẹkáníìkì, koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Hezekiah a jí láàárọ̀, a gbàdúrà bí Aládùúrà rere, a gbá inú mọ́tò, a nu gíláàsì, a wá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Bó bá sọ̀rọ̀, òun náà ní í dá ara rẹ̀ lóhùn. Bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì ni bẹ́ẹ̀dì inú mọ́tò náà, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì ń sùn, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá sun ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdánìkanwà ń pa á. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá tiẹ̀ sọ ọ́ fún?

Òyìnbó méjì, tọkùnrin tobìnrin, ló gbé mọ́tò yìí wá láti ìlú wọn ní nǹkan bí ọdún 1971. Wọ́n la aginjù Sàhárà kọjá, wọ́n gba Kánò wọlé, wọ́n sì wà á títí wọ́n fi dé Ìbàdàn. Òyìnbó tí mò ń wí yìí kì í ṣe irú àwọn tó ń gbé ní Agodi, tí wọ́n ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun. Irun ọkùnrin gùn ju ti obìnrin lọ, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì ya òdòdó aláràbarà sára mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn ará Ọjà'ba wò wọ́n títí, wọ́n ní ṣé òyìnbó náà máa ń tòṣì ni. Ìyá kan tiẹ̀ ki ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má ṣèyọnu.

Ọ̀dọ́kùnrin ni Hezekiah nígbà náà, dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ òṣèré tí Ọ̀gá Japheth dá sílẹ̀. Ó fi gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ bi òyìnbó ọkùnrin yìí pé kí ló dé tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ tí wọ́n wá ń sun inú mọ́tò. Òyìnbó ní nílùú àwọn, ọ̀dọ́ tí ilé bàbá bá ti sú ló ń ra irú mọ́tò yìí. Ó ní wọ́n ń fi kọrin, wọ́n ń lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá, pé ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní kó jókòó sójú kan. Hezekiah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ilé bàbá a máa súni? Ẹni tí ilé bàbá bá sú, níbo ló fẹ́ gbà lọ? Ó rẹ́rìn-ín, mo ní ó rẹ́rìn-ín o.

Ibà ló lé àwọn òyìnbó náà padà sílé. Wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ, wọ́n ta mọ́tò fún Ọ̀gá Japheth. Ọ̀gá kò pa òdòdó ara rẹ̀ rẹ́. Ńṣe ló de sípíkà ńlá méjì mọ́ orí rẹ̀, ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Hezekiah lọ́wọ́. Bí ayé Ilé-ń-rìn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, ẹ rántí. Tẹlifíṣọ̀n ò tíì wọlé gbogbo èèyàn. Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Ẹdẹ, Ìkìrun, títí dé Oǹdó, kò síbi tí mọ́tò yìí ò dé. Àwọn òṣèré á wà nínú lọ́rì lẹ́yìn, Ilé-ń-rìn á ṣíwájú. Bó bá ti wọ̀lú, àwọn ọmọ á tú jáde, tíṣà á máa pariwo, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Hezekiah á fi ọwọ́ kan di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, á fi ọwọ́ kejì di máíkì mú, á máa kéde eré alẹ́. Kò jáde lórí ìtàgé rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni ìlú kọ́kọ́ ń gbọ́, ojú rẹ̀ sì ni ìlú kọ́kọ́ ń rí.

Òfin kan ni Ọ̀gá Japheth fún un. Ó ní, "Hezekiah, ẹni tó bá dá ọ dúró, dúró. Ẹni tó bá kí ọ, kí i padà, bi í léèrè ara ilé rẹ̀, kó o sì gbọ́ ìdáhùn kó o tó lọ. Àwọn náà ló máa kún gbọ̀ngàn fún wa." Dẹ́rẹ́bà àwọn ẹgbẹ́ yòókù a máa da eruku bo èèyàn. Hezekiah kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ aláṣọ òkè kan ní Ìsẹ́yìn. Ó mọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú àwọn ìbejì ìyá kan ní Ìkìrun.

Ó láya nílé, ó sì lọ́mọ. Felicia ni ìyàwó ń jẹ́, Yéwándé ni ọmọ. Inú yàrá kan nílé bàbá Hezekiah ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń gbé. Bí ẹgbẹ́ bá ti ìrìn-àjò dé, iwájú ilé ni Hezekiah ń gbé Ilé-ń-rìn sí, inú rẹ̀ náà ló sì ń sùn, nítorí aṣọ eré àti jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá wà níbẹ̀, dẹ́rẹ́bà gidi kì í fi ẹrù ọ̀gá sílẹ̀ fún olè. Lákọ̀ọ́kọ́, Felicia ń gbé oúnjẹ jáde wá bá a. Nígbà tó yá, ó ń fi rán ọmọ. Nígbà tó tún yá, oúnjẹ ò jáde mọ́.

Felicia kì í ṣe aláriwo. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní, "Bàbá Yéwándé, àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Hezekiah ní, "Ṣebí mo ti délé nìyí? Ṣé o ò rí mi níwájú ilé ni?"

"Iwájú ilé ni mo rí yín," ni Felicia wí, ó sì padà wọlé.

Ọkùnrin yìí ò gbọ́n. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe oníṣekúṣe, kì í ṣe ọ̀mùtí, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé ẹni tí ìlú mẹ́wàá bá ń sáré pàdé, ìyẹn ti lérò lẹ́yìn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tí wọ́n pín yàrá ilé, Oǹdó ló wà. Ọládiípọ̀ àbúrò rẹ̀ ló kó sí yàrá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí, ìdílé rẹ̀ ń gbòòrò, yàrá sì ṣófo. Felicia ti kó ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Bẹẹrẹ kó tó dìgbà yẹn. Kò jà, kò ṣépè. Ẹrù rẹ̀ ló kó.

Fídíò ló wá parí ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń wo eré nínú pálọ̀ wọn, gbọ̀ngàn ṣófo. Ọ̀gá Japheth kó lọ sí Èkó láti máa ṣe fídíò tirẹ̀, ó sì ní kí Hezekiah máa mú Ilé-ń-rìn, pé òun náà ló mọ ọwọ́ rẹ̀. Hezekiah wà á dé abẹ́ máńgòrò Sìdí, ó pa á, ó sì jókòó. Ìlú mẹ́wàá tó ń sáré pàdé rẹ̀ kò wá a wá.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mọ́tò. Yéwándé ni. Ọmọ tó ti di tíṣà, tó máa ń kí i lọ́nà ọjà kí ó tó kọjá, òun ló kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí. Hezekiah ní kó wọlé. Ó wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo kọ́tìnnì, ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù. Kò wọ inú mọ́tò náà rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

"Mo fẹ́ lọ́kọ, sà," ló wí. "Bọ́lájí lorúkọ rẹ̀, akọ̀wé ni ní Agodi, ilé Áńgílíkà ni wọ́n. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n á wá ṣe ìdána ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Látibẹ̀ ni a ó ti gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àlùfáà wọn kì í dúró de èèyàn."

"Ọlọ́run á ṣe é níre," ni Hezekiah wí.

"Màámi ní kí Bàbá Kékeré fà mí lé wọn lọ́wọ́." Ọládiípọ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Mo ní rárá. Mo ní mo ní bàbá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó sórí àga yẹn, sà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ gbàdúrà fún mi."

Hezekiah ní òun á wá. Ó ní òun á ti jókòó kí àwọn àna tó wẹ̀. Yéwándé wò ó lójú bí ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́, ó sì kí i pé ó dàbọ̀. Nígbà tó lọ tán, Hezekiah fọwọ́ kan ibi tó jókòó sí, ibẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó sunkún níbẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn.

Ẹni tó ní ọgbọ́n ì bá ra fìlà tuntun, kó máa retí Sátidé. Ti Hezekiah kọ́. Ó ní Ilé-ń-rìn ni yóò gbé ọmọ òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé òun ò ní ẹ̀bùn mìíràn tóun lè fún un. Òun àti Sìdí bá dojú kọ mọ́tò. Wọ́n fọ kàbúrétọ̀, wọ́n pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, wọ́n gbé bátìrì Sìdí sí i, wọ́n lẹ táyà. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì gbà. Hezekiah fi ọ̀dà tuntun tọ ojú àwọn òdòdó ara rẹ̀, pupa lórí pupa, yẹ́lò lórí yẹ́lò.

Láàárọ̀ Sátidé, Sìdí ní, "Baba, kò jìnnà. Ẹ fẹsẹ̀ rìn máa lọ, ẹ ó débẹ̀ kí wọ́n tó to àga tán. Bó bá tó àkókò ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á gbé mọ́tò wá bá yín."

Hezekiah pòṣé. "Kí n máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ síbi ìdána ọmọ mi? Èmi?"

Agogo mẹ́jọ kò tíì lù nígbà tó kúrò lábẹ́ máńgòrò. Ó wọ agbádá tí Ọ̀gá Japheth fún un láyé ijọ́un. Ìbàdàn mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀ bí ìgbà tó kọ́kọ́ ń wakọ̀.

Ní Bẹẹrẹ, ìyá kan tó ń ta àwo tánganran gbójú sókè. "Àbí Ilé-ń-rìn kọ́ nìyí?" ló wí. Hezekiah ì bá ti juwọ́ sí i kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ bíréèkì kó tó ronú. Ó kí ìyá, ó bi í léèrè ara ilé, ó sì gbọ́ ìdáhùn. Kí ó tó dágbére, àwọn mìíràn ti dé. Ọkùnrin kan ní ibi eré wọn ní Mápó lòun ti pàdé ìyàwó òun. Ẹlòmíràn ní ẹ̀yìn ni ìyá òun pọ̀n òun sí tí wọ́n fi wá wòran. Wọ́n ń na ọwọ́ gba fèrèsé wọlé, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan Hezekiah kẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn gan-an ni.

Ó wà á díẹ̀díẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè Mápó, àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kó fi máíkì bá àwọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbé máíkì. Ohùn náà ṣì wà lọ́fun rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Ìbàdàn," ló wí, "kò séré lálẹ́ òní. Ọmọ mi Yéwándé ló ń relé ọkọ. Èmi bàbá rẹ̀ ni mò ń lọ fà á lé wọn lọ́wọ́. Ẹ bá mi yọ̀."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ará Ìbàdàn. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́ kó má jà, ẹ ò lè bẹ̀ ẹ́ kó má gbàdúrà. Àgbàlagbà kan ṣí fìlà, ó tẹ́wọ́, ó ní Yéwándé ò ní bímọ tì, ilé ọkọ á gbà á. Hezekiah ṣe àmín. Ta ni yóò ti mọ́tò sí jíà lójú àgbà tó ń ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀? Bí ìyẹn ti parí, ìyá kan gbà á. Lẹ́yìn ìyá yẹn, Alhájì kan tó ń ta ẹní gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ó gùn, àwọn èèyàn ń ṣe àmíìnì tẹ̀ lé e. Hezekiah ti ojú rẹ̀ pa, omi ń bọ́ níbẹ̀. Gbogbo ìlú ń súre fún ọmọ òun. Ó ń rò ó pé nǹkan tóun fẹ́ fún un gan-an nìyí, ohun tí bàbá kankan ní Agodi ò lè fún ọmọ rẹ̀.

Rédíò kan nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Ìròyìn aago mẹ́wàá ni.

Hezekiah lajú, aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Ó ti mọ́tò sí jíà nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń ṣe àmín, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó gba Ọjà'ba kọjá, àwọn èèyàn ń pe Ilé-ń-rìn lọ́tùn-ún lósì, kò yíjú. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó da eruku bo ẹni tó kí i.

Ọládiípọ̀ ló pàdé rẹ̀ níwájú ilé ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Ọládiípọ̀, kò pariwo mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, a retí yín títí. Ọmọ yìí ń yọjú lójú fèrèsé ṣáá. Àwọn àna ń wo aago, àlùfáà ti ránṣẹ́. Báwo ni ká ti ṣe é? Mo ti jókòó. Mo ti fà á lé wọn lọ́wọ́, mo ti gbàdúrà." Ó wo ẹnu ilẹ̀kùn. "Wọ́n bi wá pé bàbá ìyàwó dà. Mo ní ẹ wà lájò, pé òkè òkun lẹ wà. Kí ni kí n wí? Ṣé kí n ní ẹ ń bẹ ní Mápó, à ń gbọ́ ohùn yín látibí?"

Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tilẹ̀ yé àwọn àna láti ọ̀nà jíjìn. Hezekiah kò mọ̀ pé sípíkà náà ṣì lè dé ibẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé àdúrà lòun ń gbà fún un, pé gbogbo ọjà ló ń ṣàdúrà, ṣùgbọ́n ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ.

Ọládiípọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín ni. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi lójú àwọn àna. Ẹ má jẹ́ kójú ó ti ọmọ yìí lónìí."

Ilẹ̀kùn ṣí. Yéwándé jáde nínú aṣọ funfun, ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àna lẹ́yìn. Felicia wà láàárín wọn. Ó rí Hezekiah, ó sì yíjú sápá ibòmíràn. Yéwándé ní tirẹ̀ dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ ti wú. Bọ́lájí tí kò fojú kan Hezekiah rí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mọ́tò olódòdó ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Mọ́tò yìí," ló wí. "Mo sáré tẹ̀ lé e títí mo fi sọ bàtà nù nígbà tí mo wà ní kékeré." Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Hezekiah. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin ni dẹ́rẹ́bà tó máa gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Yéwándé la ẹnu. "Bọ́lájí," ló wí, "àwọn ni..."

"Èmi ni, ọmọ mi," ni Hezekiah wí kíákíá. "Èmi ni dẹ́rẹ́bà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá etí aṣọ funfun náà mú kí ó má fa ilẹ̀, ó sì dì í mú títí Yéwándé fi jókòó. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tó dé ibi ìjókòó tirẹ̀ níwájú, tó ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ó rí i pé òun ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, òun ò sì bi ọmọ yìí léèrè lọ́jọ́ tó wá. Ó wẹ̀yìn díẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni.